Ìrètí àwa Àgùdà nínú ìyà tí kò tíì tán: kí ni ẹ dì mú?

Ìyá Ilé Ẹlẹ́yẹlé

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará mi nínú Krístì. Oṣù keje rèé tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá ọkọ mi dùbúlẹ̀ ní ilé wa ní Ẹlẹ́yẹlé. Apá ọ̀tún rẹ̀ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbéra, ọ̀rọ̀ kò sì já gaara lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe kí èyí tó dé. Kò sí òpópónà kan ládùúgbò wa tí ilẹ̀kùn tí ó fi ọwọ́ yẹn kàn kò sí, ọwọ́ yẹn náà ni mo sì ń fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nù láràárọ̀ báyìí bí ẹni ń nu ọwọ́ ọmọ tuntun. Ní ọjọ́ tí ó ṣubú, wákàtí mẹ́fà ni a fi jókòó níwájú ilé ìwòsàn kan kí ẹnikẹ́ni tó bojú wò ó. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, nítorí kì í ṣe ìyẹn ló gbé mi wá.

Ohun tó gbé mi wá ni ọ̀rọ̀ àbúrò ọkọ mi obìnrin, ẹni tí mo ń pè ní ọkọ mi kékeré. Ó wá kí wa ní ọjọ́ Àìkú, ó rí rósárì tí mo fi kọ́ orí ibùsùn, ó sì ní, “Ẹ̀yin Àgùdà, bí a ṣe ń fara da ìyà nìkan ni ẹ mọ̀, ẹ kò mọ bí a ṣe ń lé e lọ.” Ó ní kí n gbé ẹ̀gbọ́n òun lọ sí orí òkè àdúrà kan, pé wòlíì ibẹ̀ ti rí i pé ẹ̀ṣẹ̀ kan tí a kò jẹ́wọ́ ló dè é mọ́lẹ̀, àti pé ààwẹ̀ ọjọ́ 21 ni yóò tú u sílẹ̀. Kò sọ ọ́ láti bú mi. Ó fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ púpọ̀, omi sì wà lójú rẹ̀ bí ó ti ń sọ ọ́.

Mo jẹ́wọ́ fún yín pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Mo ti ka rósárì títí okùn rẹ̀ fi já, mo tún un so, mo tún ń kà á lọ. N kò bi yín bóyá ọkọ mi yóò dìde. Ohun tí mò ń bi yín ni pé, bí kò bá dìde ńkọ́, kí ni a ń pè ní ìrètí nínú ẹ̀sìn wa? Ẹ dákun, ẹ má fi “yóò dára” dá mi lóhùn. Mo ti gbọ́ ọ tó.

Bàbá Kátíkíìsì, Òkè-Padi

Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá wa. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kọ́ni ní kátíkísìmù, n kò sì tíì rí ilé kan tí àìsàn wọ̀ tí ẹnì kan kò wá béèrè ẹni tó ṣẹ̀. Ìbéèrè àtijọ́ ni. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù rí ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú, ohun àkọ́kọ́ tó bọ́ lẹ́nu wọn ni pé ta ló ṣẹ̀, ṣé òun ni àbí àwọn òbí rẹ̀. Jésù ní kì í ṣe òun, kì í sì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Ó wà nínú Jòhánù orí 9. Wòlíì tó bá wá ń sọ fún yín lónìí pé òun mọ ẹ̀ṣẹ̀ tó dè bàbá mọ́lẹ̀, ìbéèrè tí Jésù ti dà nù ló ń dáhùn.

Ìjọ kò tan ẹnikẹ́ni jẹ nípa ìwòsàn. Ẹ ṣí ìwé Kátíkísìmù tí ó jáde ní 1992, ẹ wo ìpínrọ̀ 1508: ó sọ ọ́ láìfi bò pé àdúrà tó gbóná jù lọ pàápàá kì í fi gbogbo ìgbà mú àìsàn kúrò. Pọ́ọ̀lù ló sì fi ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tó bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta pé kí ẹ̀gún inú ara òun kúrò, tí èsì tó gbà jẹ́ pé, “Oore-ọ̀fẹ́ mi tó fún ọ.” Ẹ̀gún náà kò kúrò. Àpọ́sítélì ni o, ẹni tí aṣọ ìnujú rẹ̀ ń wo àwọn ẹlòmíràn sàn.

Ẹ jẹ́ kí n fi èdè wa ṣàlàyé ohun tí mo rí. Ẹni tó ń fojú sọ́nà ti yan ojú ọ̀nà kan pé ibẹ̀ ni àlejò òun yóò gbà wọlé. Bí àlejò náà bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, kò ní rí i, yóò ṣì máa wo iwájú ilé pé kò tíì dé. Ìrètí tí a kà mọ́ ìgbàgbọ́ àti ìfẹ́ gbára lé Ẹni tí ń bọ̀ náà, ó sì fi ọ̀nà sílẹ̀ fún un. Mo mọ̀ pé ó rọrùn láti kọ ju láti ṣe lọ, pàápàá fún èmi tí ẹsẹ̀ mi méjèèjì ń gbé mi lọ sí Máàsì.

Ìbéèrè kan ni mo ní. Ṣé ẹ ti pe Fadá kí ó wá fi òróró yàn án? Ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń sá fún sákírámẹ́ǹtì yìí, wọ́n gbà pé bí òróró bá ti wọlé, pósí ló kù. Ìfòróróyàn ìkẹyìn ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Àpérò Fatikáànù Kejì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ (1962 sí 1965), ní ìfòróróyàn àwọn aláìsàn ló yẹ kí a máa pè é, nítorí pé kì í ṣe ti ẹni tó ń kú lọ nìkan. A sì lè tún un ṣe bí àìsàn bá tún le sí i. Ìwé Jákọ́bù, orí 5 ẹsẹ 14, ló fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀: kí aláìsàn pe àwọn àgbà Ìjọ. Àwọn àgbà ni wọn yóò tọ̀ ọ́ wá. Kò sọ pé kí a ru aláìsàn gun orí òkè.

Nọ́ọ̀sì Àpáta

Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá. Ààwẹ̀ ọjọ́ 21 fún ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru! Ẹ dákun, ẹ má ṣe é. Oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ lẹ́yìn rọpárọsẹ̀ ni ara máa ń yára jù láti tún kọ́ ohun tó gbàgbé, ṣùgbọ́n oṣù keje kò pẹ́ jù rárá, nítorí náà ẹ máa na apá àti ẹsẹ̀ náà fún un lójoojúmọ́ bí wọ́n ti kọ́ yín, ẹ má sì jẹ́ kí oògùn rẹ̀ dá.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ bàbá rèé. Mo ti tọ́jú aláìsàn tó ń jẹ eyín mọ́ra nínú ìrora, tó kọ oògùn, tó ní òun ń fi ìrora òun rúbọ pọ̀ mọ́ ti Jésù. Bí ó bá jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló yàn án, n kò ní ohun tí mo lè sọ. Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí ìyàwó tàbí ọmọ máa dì í lé e lórí. Ní oṣù Kejì ọdún 1957, nígbà tí àwọn dókítà bi Póòpù Pius Kejìlá léèrè, ó dá wọn lóhùn pé ó tọ́ láti fi oògùn dín ìrora aláìsàn kù, kódà bí oògùn náà bá lè gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú, níwọ̀n ìgbà tí kì í ṣe ikú ni a fi wá a. Ẹ̀sìn wa kò sọ pé ìrora dára. Jésù gan-an bẹ Baba pé kí ago náà kọjá.

Ọmọ Dùgbẹ̀

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin àgbà. Wọ́n rì mí bọmi nínú Ìjọ yìí, mo sì ran Fadá lọ́wọ́ nídìí pẹpẹ láti kékeré títí mo fi wọ ilé ìwé gíga. N kò lọ mọ́. Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, ó dùn ún kà, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ibi tí ìbéèrè màmá wà kọ́ ni ẹ ń dáhùn.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis Xavier ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn ọmọdé wà nínú wọn. Àwọn yẹn kò sá fún Máàsì. Ìdí Máàsì gan-an ni ikú ti bá wọn. Kí ni a fẹ́ sọ fún ìyá tó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ síbẹ̀ tó dá nìkan padà? Pé oore-ọ̀fẹ́ tó? Lójú tèmi, ìrètí ni orúkọ tí a fún àìrí-nǹkan-kan-ṣe kí ó má baà tì wá lójú. Bí mo bá ṣìnà, ẹ tọ́ mi sọ́nà, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìwàásù ṣe é.

Ìyá Mọ̀níyà

N kò ní ìwàásù kankan fún ọ, Ọmọ Dùgbẹ̀, nítorí ohun tí o sọ yìí ni èmi náà sọ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn nígbà tí mo sin ọmọbìnrin mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n bí i mọ́. Ẹ gbọ́ orúkọ àìsàn náà. Ọdún mẹ́sàn-án ni a fi ń rí ìdajì ìkẹyìn orúkọ yẹn, tí yóò dákú mọ́ wa lọ́wọ́ ní alẹ́, tí yóò sì jí ní òwúrọ̀ ọ̀la, tí yóò ní ebi ń pa òun. Títí di òwúrọ̀ kan tí “fọ̀la” kò dé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, n kò lè gbàdúrà. Kì í ṣe pé mo bínú, ìbínú ì bá tilẹ̀ dára. Ẹnu mi kàn kú ni. Àwọn obìnrin Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Màríà ní ìjọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ yẹn jẹ́ ọjọ́ Àṣírí Ìbànújẹ́ nínú rósárì: ìrora inú ọgbà, ẹgba, adé ẹ̀gún, rírù àgbélébùú, ikú. Wọn kò bá mi sọ̀rọ̀ ìtùnú kankan. Wọ́n á jókòó, wọ́n á ka tiwọn tán, wọ́n á mu omi, wọ́n á sì lọ. Mo kọ́kọ́ máa ń wọ yàrá lọ bí wọ́n bá ti dé. Nígbà tó yá, mo ń jókòó tì wọ́n, ẹnu mi ṣì wà ní pípadé, àwọn ni wọ́n ń fi ẹnu tiwọn bá mi kà á. Bí ẹ bá bi mí léèrè ọjọ́ tí ìrètí padà, n kò mọ̀ ọ́n. Mo kàn mọ̀ pé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, òjò dá wọn dúró, aago márùn-ún kọjá wọn kò dé, mo sì ṣàdédé rí ara mi lẹ́nu ọ̀nà tí mò ń wo òpópónà bóyá n ó rí agbòòrùn wọn.

Ìyẹn nìkan ni ẹ̀rí tí mo ní. Ó kéré, mo mọ̀.

Ohun kan tún wà. Fadá wa sọ fún mi pé kí n ka Sáàmù 88. Mo kà á dé ìparí, mo ń wá ibi tí ó ti máa yí padà di ìyìn bí àwọn Sáàmù yòókù, kò yí padà. Inú òkùnkùn ló parí sí. Mo pe Fadá pé ṣé ojú ìwé kan ti já kúrò nínú Bíbélì mi ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní rárá, pé gbogbo alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni àwọn Fadá àti àwọn Sístà káàkiri ayé ń ka Sáàmù yẹn nínú àdúrà ìgbà-orun kí wọ́n tó sùn. Láti ìgbà náà, bí oorun kò bá kùn mí ní alẹ́ Ẹtì, mo máa ń rò ó pé ẹnì kan wà níbì kan tó ń fi ohùn mi kígbe sí Ọlọ́run, tí kò sì sáré parí rẹ̀ sí “Alelúyà” fún mi.

Akẹ́kọ̀ọ́ Bódìjà

Màmá Mọ̀níyà, mo ka tiyín lẹ́ẹ̀mejì. Mo wà ní sẹ́mínárì, nítorí náà ẹ fara dà á bí mo bá mú ìwé wọ ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún kọ lẹ́tà rẹ̀ lórí ìrètí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2007, ẹni tó fi ṣe àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Obìnrin ilẹ̀ Sùdáànì kan ni, Josephine Bakhita, tí a bí ní agbègbè Darfur ní nǹkan bí ọdún 1869, tí wọ́n jí gbé ní kékeré, tí wọ́n sì tà láti ọwọ́ ọ̀gá kan sí ọwọ́ òmíràn. Àpá 144 ni lílù tí wọ́n lù ú fi sí i lára. Nígbà tó dé Ítálì ló gbọ́ pé Ọ̀gá kan wà tó ju gbogbo àwọn ọ̀gá wọ̀nyí lọ, tó mọ òun, tó fẹ́ràn òun, tí Òun fúnra rẹ̀ sì ti jẹ ẹgba rí. Ọ̀rọ̀ ẹgba yẹn ló mú mi. Ọ̀gá tí kò jẹ ẹgba rí kò ní ohun tí yóò bá Bakhita sọ. Ó gba ìrìbọmi ní 1890, ó di Sístà, ó kú ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì ọdún 1947, Ìjọ sì kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ní ọdún 2000. Àwọn àpá náà kò parẹ́ títí ó fi kú.

Ẹ tún wo Lourdes ní ilẹ̀ Faransé. Láti 1858 tí Màríà Wúńdíá ti fara han Bernadette níbẹ̀ ni àìmọye aláìsàn ti ń lọ síbi omi náà, síbẹ̀ ìwòsàn tí Ìjọ ti jẹ́rìí sí pé iṣẹ́ ìyanu ni kò ju àádọ́rin àti díẹ̀ lọ. Bernadette tí ó fi ọwọ́ gbẹ́ ìsun omi náà kò rí ìwòsàn tirẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ikọ́ fée ló bá a fínra títí ó fi kú ní 1879, ọmọ ọdún 35. Kí ni àwọn tó kù ń lọ ṣe níbẹ̀, tí wọ́n ṣì ń lọ? Àwọn tó lọ máa ń sọ pé ibẹ̀ nìkan ni aláìsàn ti ń wà ní iwájú, tí àwọn tí ara wọn le ń tì í, tí wọ́n ń tẹ̀lé e lẹ́yìn.

Ọjọ́ àjọ̀dún Lourdes, ọjọ́ 11 oṣù Kejì, ni Póòpù John Paul Kejì fi sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà rẹ̀ lórí ìyà ní 1984, kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí ìbọn ba òun náà. Ó kọ púpọ̀ níbẹ̀ nípa bí ìyà wa ṣe lè wọnú ti Krístì, ṣùgbọ́n ibi tó darí ọ̀rọ̀ náà sí ní ìparí ni ìtàn ará Samáríà rere, ẹni tó bá ọkùnrin tí wọ́n lù ní ẹ̀bá ọ̀nà tí kò sì kọjá lọ. Mo rò pé àwọn obìnrin ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ti ka lẹ́tà náà láìṣí ìwé.

Àlàájà Òjé

Ẹ̀sìn mi yàtọ̀ sí tiyín, ọ̀rẹ́ mi kan ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn mí. Akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ mi, o mà ka ìwé o! Ìyá Ẹlẹ́yẹlé, ẹ kú sùúrù. Ànábì Ayyúbù tí ẹ̀yin ń pè ní Jóòbù, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wá wá ẹ̀ṣẹ̀ sí i lára ló dùn ún ju egbò lọ. Ẹ má lé àbúrò ọkọ yín o, ìfẹ́ ló ń ṣe é. Ẹ fún un ní iṣẹ́. Ẹ ní kí ó máa wá na ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀.

Bàbá Kátíkíìsì, Òkè-Padi

Ọmọ Dùgbẹ̀, n kò ní ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ̀, bí ẹnì kan bá sì ní in, ẹ̀rù rẹ̀ yóò bà mí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìbéèrè tí o béèrè ni Jésù béèrè lórí igi: “Ọlọ́run mi, Ọlọ́run mi, èéṣe tí ìwọ fi kọ̀ mí sílẹ̀?” Kò sí ẹni tó dá a lóhùn lọ́jọ́ náà, ó sì kú. Nígbà tó jíǹde, Tómásì kò bá ara tó ń dán. Ojú ìṣó ló ní kí ó fi ìka kàn. A ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìwọ ń sunkún, o sì ń ríran. Bí o ṣe béèrè yìí, ilé baba rẹ ni o ti béèrè rẹ̀.

Ọmọ Dùgbẹ̀

Ẹ ṣé, bàbá. N kò lè sọ pé mo gbà. Màmá mi ni mo ń bá jà, wọ́n kú ní ọdún tó kọjá lẹ́yìn àìsàn ọdún mẹ́ta, mo sì rò pé kò yẹ kí wọ́n máa dúpẹ́ tó bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ yẹn.

Ìyá Ẹlẹ́yẹlé, kẹ̀kẹ́ arọ tí wọ́n lò wà nínú sítọ́ọ̀ wa, kò sẹ́ni tó lè tà á, kò sẹ́ni tó lè wò ó. Táyà rẹ̀ ṣì dára. Bí ẹ bá lè gbà á, mo lè gbé e wá ní ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, ẹ má kọ ọ́ síbí.

Ìyá Ilé Ẹlẹ́yẹlé

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sókè létí ọkọ mi, ti Àlàájà ló gbádùn jù. Àbúrò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá na ẹsẹ̀ náà. Kò tíì gbà fún mi lórí ọ̀rọ̀ òkè, èmi náà kò tíì gbà fún un, ṣùgbọ́n ó ń wá.

Fadá dé ní Ọjọ́bọ̀. Ó fi òróró sí i níwájú orí, ó sì fi sí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Nígbà tó kan ọwọ́ ọ̀tún, ọkọ mi sunkún. Ọwọ́ náà kò gbéra. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà gbé ìròyìn mìíràn kiri. Ó sunkún, ó gba Ara Krístì, ó sì sùn títí ilẹ̀ fi mọ́, ohun tí kò ṣe láti ìgbà tó ti ṣubú.

Ọmọ Dùgbẹ̀, ọmọ mi, o rí bí ọ̀ràn kẹ̀kẹ́ ṣe rí nígbà tí o gbé e dé: kò gba ẹnu ọ̀nà yàrá wọlé. Lẹ́yìn tí o lọ, ọkọ mi tẹjú mọ́ férémù ilẹ̀kùn náà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é nígbà tí a kó wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó na ìka mẹ́ta sókè ní ọwọ́ òsì. A kò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń wí, àfi ìgbà tí ọmọ wa fi téèpù wọn ọ̀nà náà, tó wọn kẹ̀kẹ́. Ínǹṣì mẹ́ta gééré ló fi dín. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a ó gbé e jókòó sí pálọ̀ kí ó lè máa tọ́ka ibi tí ọmọ náà yóò ti gé e. Ó ti fi ọwọ́ sọ fún wa pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ayùn kan férémù yẹn bí òun kò bá sí níbẹ̀.